Ibi Tí Irin Gbé Di Irin Mú

Bíáù kò wo ojú ọkọ̀ náà rárá.
Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ rẹ̀ bí alángbá,
ó ní kí n gbé òòlù kékeré fún òun.

Pijó ni, ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá mi rà á.
Ó ti ru iṣu dé Pàràkú, ó ti ru ìyàwó,
ó ti ru òwú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló gbé olówó rẹ̀ lọ sí itẹ́.

Bíáù ń kan ṣásí láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò dá a lójú pé ènìyàn wà níbẹ̀.
Kán. Kán. Kán. Irin ń dáhùn.
Ó dé ibi tí etí súpíríǹgì ti so mọ́ ṣásí lápá ọ̀tún:
Pò.
Ó tún kàn án. Pò.
"Ẹnì kan ti parọ́ síbí."

Mo mọ ẹni náà.
Ọ̀dà dúdú ló fi bò ó, lábẹ́ ọ̀dà, sìmẹ́ńtì,
lábẹ́ sìmẹ́ńtì, wáyà tí ó lọ́ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án,
lábẹ́ wáyà, ìpẹtà tó ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Owó ilé-ìwé mi wà lápò rẹ̀,
kò sì jẹ́ kí ó dé ọwọ́ ajórin.

"A kì í jó irin mọ́ ibi tó ti kú," Bíáù ní,
ó sì ń gé, ó ń gé,
ìka méjì, ìka mẹ́ta, odidi àtẹ́lẹwọ́,
títí ẹ̀rọ fi kan irin tó tàn funfun.
Ihò tó ṣẹ́kù, ọmọ ológbò lè gbà á kọjá.
Mo ní, "Ṣé o kò ti bà á jẹ́ báyìí?"
Ó ń fi àpò sìmẹ́ńtì wọn ihò náà. Kò gbọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ló mú okùn.
Ó nà án láti igun ọ̀tún iwájú sí igun òsì ẹ̀yìn,
ó ta á ní kókó, ó tún nà án láti òsì sí ọ̀tún.
Kókó náà fi ìbú èékánná kan yẹ̀.
"Èékánná yìí ni yóò máa jẹ táyà rẹ,
òun ni yóò mú ọ máa rìn bí akàn lọ sí Pàràkú."
Jáákì méjì, ẹ̀wọ̀n kan, ìdajì ọjọ́, nítorí èékánná.

Irin tó fi dí i wá láti ara ọkọ̀ rélùwéè kan tó ti dákẹ́.
Ó ní òun rà á. N kò bi í pé lọ́wọ́ ta ni.
Ó ki ọ̀pá oníhò sínú ṣásí,
kí bọ́ọ̀tù má baà fún un pẹlẹbẹ bí ẹni fún ọsàn.
Ó jó díẹ̀, ó dúró. Ó jó òdìkejì, ó dúró.
Iná lọ. A jẹ wàrà nínú òkùnkùn,
òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́yìn wa ṣì ń mí ooru ọ̀sán jáde.
Iná dé.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo wakọ̀ lọ sílé.
Kòtò ojú ọ̀nà pé síbẹ̀, ọ̀kan kò dín,
ṣùgbọ́n kò sí gbọ̀ngbọ̀n tó máa ń dún lápá ọ̀tún
láti ìdí igi ẹmì dé ẹnu ọ̀nà wa.
Ìyá mi jókòó sẹ́yìn ilé, kò gbé omi kaná.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi gbọ́ ariwo yẹn
kí ó tó mọ̀ pé ẹni òun ti dé orí afárá.
Ó yọjú, ó fọwọ́ bo ojú nítorí iná ọkọ̀:
"Ta nìyẹn?"

Mo ní èmi ni.
Wáyà náà wà lápò mi, ó ń gún mi nítan.